Epo Dísù Nínú Ilé: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Tí Ó Ra Tírákítọ̀

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọwọ́ olùkọ́ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn wá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ọ̀kan ń ta aṣọ, èkejì ń ta àgbàdo, da owó pọ̀, wọ́n sì ra tírákítọ̀ àlòkù kan, èyí tí àwọn ará oko ń pè ní katakata, láti máa fi kọ ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ lówó. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ kò ní í pẹ́ rọ̀, ilé epo tí ń ta dísù sì jìnnà sí wọn. Nítorí náà wọ́n ti pinnu láti ra àgbá mẹ́fà, kí wọ́n kó o sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sùn ní òdì kejì ògiri yàrá náà. Ó béèrè bí ewu kò bá sí níbẹ̀. Ó sì tún béèrè bí òun ṣe lè rí dísù pupa tí àbúrò òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀.

N ó kọ́kọ́ dáhùn ti dísù pupa, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó wà lóòótọ́, kì í sì í ṣe epo pupa tí à ń fi se ọbẹ̀ o! Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ a máa gba sẹ́ǹtì 24.4 gẹ́gẹ́ bí owó-orí lórí gálọ́ọ̀nù dísù kan tí ọkọ̀ yóò jó lójú títì, a sì máa ná owó náà sórí ọ̀nà. Tírákítọ̀ tí ń kọ ilẹ̀ lóko kò ba títì ẹnikẹ́ni jẹ́, nítorí náà wọn kò gba owó-orí náà lórí epo rẹ̀; ṣùgbọ́n kí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ má bàa dà á sínú lọ́rì, wọ́n pa á láró pupa. Bí wọ́n bá bá aró náà nínú táǹkì ọkọ̀ tí ń rìn ní títì, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10 lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tàbí dọ́là 1,000, èyíkéyìí tí ó bá pọ̀ jù. Bákan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n gba ẹ̀tọ́ dísù pupa kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń lò ó, bí àwọn akọ́lé, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún náà, owó-orí lítà rẹ̀ kan jẹ́ pẹ́ńsì 10.18, nígbà tí ti ojú títì jẹ́ 52.95.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ni onítírákítọ̀ àti onílọ́rì ń san. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé dísù aláró wá bá yín, tí ó ní ti àwọn àgbẹ̀ ni, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó pa á láró.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ti ń rò pé a lè fi àgbá mẹ́fà ṣe ìkópamọ́, kí a tà á nígbà tí ó bá wọ́n, ẹ rántí ọdún 2024. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí mú dísù jáde. Ní oṣù kẹrin, wọ́n sọ iye tí wọ́n ń tà á fún àwọn alágbàtà di 1,200 náírà lítà kan. Kí oṣù náà tó parí, ó ti tún di 1,000. Ẹni tí ó ra àgbá oní-lítà 200 ní 1,200 pàdánù 40,000 náírà lórí àgbá kan kí ó tó ṣí ìdérí rẹ̀. Dísù kì í ṣe aṣọ òkè. Ọjọ́ kì í sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Nísisìyí, ọ̀rọ̀ iná. Dísù àti pẹtiróòlù kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Pẹtiróòlù a máa tú afẹ́fẹ́ jáde nígbà gbogbo, ìbáà ṣe ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, a sì máa rá nílẹ̀ lọ títí yóò fi bá iná pàdé. Ọjọ́ burúkú tí àwọn ará Abúlé Ẹ̀gbá ní Èkó rí ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006 nìyẹn, nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbọ́n epo láti ara páìpù tí wọ́n ti lu. Àwọn tí ó jóná kú lé ní 200. Dísù ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà Amẹ́ríkà ni pé dísù tí ó mọ́ kò gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ tí iná lè ràn mọ́ àfi bí ooru rẹ̀ bá dé ìwọ̀n 52 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ilẹ̀ Yúróòpù fi tiwọn sí 55. Yàrá wa kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ fi máa ń fọ́nnu pé àwọn lè ju ìṣáná sínú dísù kí ó sì kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán an wò láéláé.

Ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbá tí ẹ fi rà á lè ti gbé pẹtiróòlù rí. Epo náà sì lè jẹ́ ti àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn sè é nínú igbó ní ẹkùn Nàìjá Dẹ́tà, tí wọn kì í ya ọmọ kúrò lára ìyá, tí pẹtiróòlù díẹ̀ àti kẹrosíìnì díẹ̀ a sì máa wà nínú ohun tí wọ́n pè ní dísù. Pẹtiróòlù díẹ̀ péré ti tó láti gba sùúrù lọ́wọ́ dísù. Yàtọ̀ sí èyí, dísù tí ó bá ta sórí àkísà tàbí igi ìdáná kò tún dúró de ìwọ̀n 52 kankan. Bí òwú àtùpà ni yóò ṣe jó. Bí iná bá sì ti ibòmíràn wọ ilé, lítà 1,200 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pa á. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi olùkọ́, ìdáhùn mi ni pé rárá. Ẹ má ṣe kó o sínú yàrá yẹn, ì báà ṣe àgbá kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́ àtíbàbà kékeré onípáànù sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó jìnnà sí ilé ìdáná, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí kànga. Mo dárúkọ kànga nítorí pé dísù tí ó bá jò wọ ilẹ̀ lè ba omi jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn aládùúgbò yín kò sì ní í gbàgbé. Ẹ mọ ògiri kúkurú yí i ká, kí ó lè gba ohun tí ó wà nínú àgbá kan bí ó bá bẹ́. Ẹ gbé garawa yanrìn síbẹ̀. Omi kọ́ ni a ń dà sí iná epo.

Àgbá mẹ́fà náà sì pọ̀ jù. Tírákítọ̀ tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 75 lè mu bíi lítà 10 sí 15 ní wákàtí kan bí ó bá ń kọ ilẹ̀, nítorí náà àgbá méjì yóò gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ ra méjì. Kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́, kí èkejì máa sinmi. N ó sọ ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ sinmi.

Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, kò sí iná pílọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Ọ̀gbẹ́ni Rudolf Diesel, ará Jámánì tí a fi orúkọ rẹ̀ pe epo yìí, ni ó ṣe é ní àṣeyọrí ní ọdún 1897: ẹ́ńjìnnì a fún afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi gbóná janjan, a sì fín epo sí i, epo a sì gbiná fúnra rẹ̀. (Ní ibi àfihàn ńlá ti Paris ní ọdún 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi mú ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ kan ṣiṣẹ́. N kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ da òróró ìyàwó rẹ̀ sínú tírákítọ̀ o.) Àwọn ihò tí epo ń gbà fín jáde kéré jọjọ, pọ́ǹpù tí ń tì í sì jẹ́ irin tí a ṣe pẹ́kípẹ́kí, tí ó jẹ́ pé epo náà gan-an ni ó ń mú kí ó máa yọ̀. Bí ẹ bá fún un ní omi, yóò dípẹtà. Bí ẹ bá fún un ní iyanrìn, yóò họ. Bí ẹ bá fún un ní dísù tí wọ́n ti fi kẹrosíìnì là, ara rẹ̀ yóò máa gbẹ títí yóò fi jẹ. Nígbà náà ni mẹkáníìkì yóò dárúkọ iye kan tí yóò mú yín jókòó.

Ibo ni omi ti ń wọlé? Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ gbé àgbá tí ẹ ti dé pinpin sí òòró nínú òjò. Omi òjò yóò dúró lórí rẹ̀, nítorí etí àgbá ga ju àárín lọ. Ní ọ̀sán, oòrùn mú epo inú rẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a jáde. Ní òru, epo náà tutù, ó sún kì, àgbá sì mí sínú; omi tí ó dúró lórí ìdérí ni yóò fà mu. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe lójoojúmọ́. Bí ẹ kò bá ní òrùlé, ẹ dá àgbá tí ó kún dùbúlẹ̀ lórí igi, kí ihò rẹ̀ méjèèjì wà ní òsì àti ọ̀tún ní ìbú kan náà, kí epo lè bo àwọn méjèèjì láti inú. Ẹ má ṣe dá a gbé o: àgbá tí ó kún wúwo ju kílò 170 lọ.

Omi wúwo ju dísù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni í wà. Níbi tí omi àti epo ti pàdé, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí a máa gbé níbẹ̀, wọ́n a máa jẹ epo, wọ́n a sì máa yọ ohun dúdú kan tí ń yọ̀ bí omi ilá tí ó ti kan. Ohun náà ni ó ń dí asẹ́ tírákítọ̀ pa ní àárín oko. Ẹ jẹ́ kí àgbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé sinmi fún ọjọ́ kan gbáko kí ìdọ̀tí rẹ̀ tó rọlẹ̀, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa epo jáde, kí ẹnu ọ̀pá rẹ̀ fi ìbú ìka mẹ́rin jìnnà sí ìsàlẹ̀. Àrọ tí ẹ ó lò gbọ́dọ̀ ní asẹ́, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ẹ fi ń rọ òróró.

Ìyá tí ń ta epo pupa lọ́jà kì í ra kẹ́ẹ̀gì kan láìtọ́ ọ wò, láìgbé e sí oòrùn, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ yóò ra dísù bí ẹni tí ń sùn. Ẹ mú ìgò funfun dání. Ẹ rọ díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró, kí ẹ sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: kí ó mọ́ kedere, kí ó má rú bí omi ògì, kí nǹkan má sì fi ìlà sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá dúdú tí ó sì ń rùn bí èéfín, tàbí tí ó ń ta sánsán bíi pẹtiróòlù, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Ní ti ìwọ̀n, kí a má fi ẹ̀sùn kan ènìyàn lásán. Kẹ́ẹ̀gì tí a ń pè ní lítà 25 a máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ bí a bá kún un dé ẹnu.

Àgbá tí a fi síǹkì bò kò dára, nítorí síǹkì a máa bá dísù jà, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì lọ sínú asẹ́. Irin lásán ni kí ẹ lò, tàbí ike líle tí wọ́n ṣe fún epo. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wẹ́dà fi ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ àgbá tí ó ti gbé epo rí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àgbá tí a rò pé ó ti ṣófo ni ó léwu jù, nítorí afẹ́fẹ́ epo kún inú rẹ̀. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, bọ́ǹbù ni.

Nípa àwọn ọmọ, ẹ fi àgádágodo sí ibẹ̀. Ẹ má ṣe bu dísù sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọ ẹ̀yìn tírákítọ̀ má sì fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà mọ́. Epo wọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe inú ní ibi bí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró, ìgbà tí ènìyàn bá sì ń bì í ni ó rọrùn jù fún un láti yà sí ọ̀nà èémí. Nítorí náà, bí ọmọ bá mu dísù tàbí kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ má fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé ìyá àgbà yóò bínú. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ta sí kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà dàbí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan kan, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nígbà tí òjò bá dá, ẹ fi kún táǹkì tírákítọ̀ dé ẹnu, nítorí táǹkì tí ó ṣófo ní àyè fún ìrì. Ẹ ta ìyókù fún onílọ́rì tí yóò jó o ní ọ̀sẹ̀ náà. Dísù tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí ara àgbá. Ilé ìwé yín kì í ṣàìní ìyẹn.