Ẹ Fún Ọdẹ Oníṣakabùlà ní Ìwé Àṣẹ

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn ọdẹ kan tó ń ti Port Harcourt lọ sílé ní Kánò láti ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn fijilanté ní Uromi, ní Ìpínlẹ̀ Edo. Wọ́n tú ọkọ̀ wọn wò, wọ́n bá ìbọn ṣakabùlà nínú rẹ̀, ariwo sì ta pé ajínigbé ni wọ́n. Àlàyé tí wọ́n ṣe kò wọ ẹnikẹ́ni létí. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló kú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dáná sun àwọn kan nínú wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Bunkure ní Kánò ni púpọ̀ nínú àwọn olóògbé náà ti wá. Ìbọn tó sọ wọ́n di òkú yẹn gan-an ni àwọn ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká gba ọ̀nà oko lọ ní àwọn abúlé tó yí Jos ká, ní Ìpínlẹ̀ Plateau.

Bí irú nǹkan báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ìmọ̀ràn tó máa ń yá àwọn kan lẹ́nu ni pé kí ìjọba kó gbogbo ṣakabùlà nílẹ̀. Ní Plateau, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ láìmọye ìgbà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìmọ̀ràn náà rọrùn láti gbà. Kò yẹ ní gbígbà rárá. Ohun tó tọ́ ni kí Ìpínlẹ̀ Plateau fún ọdẹ tó ń fi ṣakabùlà wá ẹran jíjẹ ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n fín nọ́ńbà sára ìbọn rẹ̀, kí wọ́n là á yé e ibi tó lè dẹ àti oṣù tó lè dẹ, kí wọ́n wá fi gbogbo agbára dojú kọ pańpẹ́ wáyà, ọdẹ òru àti igbó sísun, nítorí àwọn wọ̀nyí ló ń run ẹran.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ìbọn náà fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, nígbà mìíràn láti ara páìpù omi tàbí irin ìdarí ọkọ̀ tó ti kú. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi akísà tẹ̀ ẹ́, á da ọta lé e, á wá fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò dún. Bí ọta bá tàsé ẹtu, ẹtu ti lọ nìyẹn, nítorí kí ọdẹ tó tún ìbọn kì, ìṣẹ́jú kan lè ti kọjá. Ó di dandan kí ó rìn sún mọ́ ẹran, kí ó rí i kedere, kí ó mọ̀ bóyá abo tó lóyún ni tàbí akọ. Bí òjò bá pa ẹ̀tù, iṣẹ́ dúró. Ìlọ́ra ìbọn yìí ni ààbò ẹran igbó, kò sì sí òfin tí ilé ìgbìmọ̀ lè kọ tó máa tètè múlẹ̀ tó o.

Ẹ fi èyí wé AK-47, tí ọta ọgbọ̀n ń wọ inú àpò rẹ̀, tó sì ń yára tu ọta bí ẹni máa tu 600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ó to ṣakabùlà, ìbọn tí òkúta ń ṣáná sí àti ìbọn oníkápù sí ìsọ̀rí tiwọn lọ́tọ̀; ìbọn ológun ló kó sí abẹ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ohun tí òfin ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà àti fijilanté kò lè mọ̀ ọ́n nígbà tí kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ ọdẹ tí wọ́n lè wò.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹran igbó láàyè ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ tó wúwo sì ni. Ẹran ti dín kù lórí òkè Jos. Ẹran kékeré kan wà lórí àwọn àpáta ibẹ̀, ó jọ ẹtu, orí ṣóńṣó pátákò ló ń dúró lé tó fi ń fò láti orí òkúta kan sí èkejì. Klipspringer ni òyìnbó ń pè é. Irú rẹ̀ tó wà ní apá tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní porteousi, ti wà lára àwọn ẹran tó lè parẹ́ ráúráú. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gba àríyànjiyàn: ọdẹ tó bá yìnbọn lù ú, kí ìwé àṣẹ rẹ̀ jóná lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni igbó Amurum ní Laminga, tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis wà lẹ́bàá rẹ̀. Kí ìbọn má dún níbẹ̀ rárá, kódà ìbọn tó ní nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n kí ni ó lé ẹran kúrò lórí òkè náà? Ìwakùsà tin ló kọ́kọ́ tú ilẹ̀ Jos nídìí, ìwakùsà yẹn náà tó gbé ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn Yorùbá Jos gòkè wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin. Láàárín 1942 sí 1944, àwọn òyìnbó amúnisìn fi tipátipá kó nǹkan bí 100,000 èèyàn wá wa tin nítorí Ogun Àgbáyé Kejì. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ ti di adágún omi káàkiri Bukuru àti Barkin Ladi títí dòní. Lẹ́yìn náà ni oko ọ̀dùnkún, igi ìdáná àti ilé kíkọ́ gba èyí tó kù. Ọdẹ wà láàárín àwọn Berom, Ngas àti Tarok kí gbogbo èyí tó dé, ẹran sì wà pẹ̀lú wọn. Kí wá ni ti dídá ọdẹ nìkan lẹ́bi?

Kenya ti gbìyànjú ìfòfindè. Ní 1977 ni wọ́n ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀ pátápátá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé láti ọdún náà wá, ẹran igbó orílẹ̀-èdè náà ti fi nǹkan bí 68 dín nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹran ọ̀sìn, oko àti àwọn tó ń jí ẹran pa ló jẹ wọ́n run, nítorí pé ará abúlé kò ní ohun tí yóò fi ẹran tí kò lè jẹ́ tirẹ̀ ṣe. Namibia gba ọ̀nà míì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1996 gbé ẹ̀tọ́ lórí ẹran igbó lé àwọn ìlú lọ́wọ́. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, tó ń jẹ ẹran rẹ̀, tó sì ń gba owó tó ń tinú rẹ̀ wọlé.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ṣakabùlà jù lọ wà ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ọdún 1900, ìbọn àti ọjà ẹran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àgbọ̀nrín wọn tán, èyí tí ìrù rẹ̀ funfun; àwọn tó kù kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Wọn kò lé ọdẹ nígbó. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ, wọ́n ka iye ẹran fún un, wọ́n sì fi òfin 1937 gba owó orí lórí ìbọn àti ọta láti fi tọ́jú igbó. Lónìí, àgbọ̀nrín náà ti tó ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania tún ya àkókò kan sọ́tọ̀ láti ọdún 1974, lẹ́yìn Kérésìmesì, fún ẹni tó bá ń lo ìbọn tí òkúta ń ṣáná sí. Ìbọn tí àwọn kan fẹ́ kí Plateau kó nílẹ̀ bí ohun ìtìjú, Pennsylvania fún un ní àkókò tirẹ̀ lábẹ́ òfin.

Wọ́n á ní ìbọn ló ń pa èèyàn ní Plateau. Ó ń pa á lóòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2023, àwọn agbébọn wọ àwọn abúlé Bokkos, Barkin Ladi àti Mangu, nǹkan bí igba èèyàn ló sì bá a lọ. Ẹni tó bá rò pé ẹni tó ń ki ẹ̀tù àti akísà sẹ́nu ìbọn ló ṣe irú iṣẹ́ yẹn kò tíì wo ṣakabùlà lójú. Ìtàn tó yẹ kí a rántí ni ti Adamawa ní 2014, nígbà tí àwọn ọdẹ gbé ìbọn ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n sì bá àwọn ọmọ ogun lé Boko Haram kúrò ní Maiha. Bí a bá gba ṣakabùlà lọ́wọ́ ará abúlé, AK-47 ọwọ́ apànìyàn yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ti àìsàn tó ń ti ara ẹran igbó wá ńkọ́? Jos ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù. Ní oṣù Kìíní 1969, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì Laura Wine láti Lassa ní apá Borno wá sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Jos. Ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kú tẹ̀ lé e. Nígbà tí ibà tó pa àwọn méjèèjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní 1970, ó pa Dókítà Jeanette Troup, ẹni tó ti ń wá ìdí rẹ̀. Jos sanwó ńlá kí ayé tó mọ ibà Lassa. Eku ló sì ń gbé àìsàn yìí kiri, eku tó ń wọ inú ilé àti inú àká oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni kì í fi ṣakabùlà lé eku. Tàkúté ni wọ́n fi ń pa á, iná igbó ni wọ́n fi ń lé e jáde, wọ́n á yan án, wọ́n á sì tà á lójú pópó láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ìlera Jos bá ká lára ní tòótọ́, ìyẹn ni kó kọ́kọ́ bá jà. Ẹran tí ọdẹ oníwèé bá pa, òṣìṣẹ́ ìlera lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí wọ́n mọ ẹni tó pa á àti ibi tó ti pa á.

Ẹran jíjẹ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, kì í ṣe eré ìdárayá olówó. Ní oṣù Kẹfà 2024, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀ ròyìn pé oúnjẹ ti fi lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìdílé tí kò lè ra ẹran màlúù, ẹtu kan tó tó kìlógíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò bọ́ wọn fún ọjọ́ púpọ̀ bí wọ́n bá yan án dáadáa. Ìwà ìkà ni láti sọ fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ pé ọ̀daràn ni baba wọn.

Ìwé àṣẹ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ bébà lásán. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé wọ́n ti dán ìbọn náà wò, nítorí ìbọn tí kò dára máa ń bẹ́, á sì ba ojú àti ọwọ́ ọdẹ jẹ́. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rọ irú ìbọn yìí fún ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ní ilé ìdánwò láti 1813. Ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ ni wọ́n fi ń dán ìbọn wò. Èyí tó bá dúró ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀. Kí Plateau kó àwọn àgbẹ̀dẹ rẹ̀ jọ, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Kí olórí ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan, bí Olúọdẹ ti ń ṣe lọ́dọ̀ Yorùbá tàbí Sarkin Baka lọ́dọ̀ Hausa, fọwọ́ sí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì jẹ́jọ́ bí ẹni náà bá ṣẹ̀. Ọ̀sán nìkan ni kí wọ́n máa dẹ, láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kejì. Ẹni tó bá dẹ pańpẹ́ wáyà tàbí tó sun igbó, ẹ̀wọ̀n ni kó lọ.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Plateau ló ni iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kó dúró de ọjọ́ tí wọn yóò tún pa àwọn ọdẹ míì lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Jos, ní Bukuru àti ní Barkin Ladi, ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín, kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni yóò gbé àbá òfin náà wọlé.