Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í ṣe ahun

1/ Ẹ gbọ́ ná o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń tu owó jọ láti rà á. Tí ẹnì kan bá ti sọ lórí TL yìí pé òun fúnra òun lòun pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ òun nílé, kíá ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ahun!" "Ṣé o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì ni?" "Ìyà ń jẹ ẹ́ ni." Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí tán lónìí.

2/ Èrò tèmi rèé. Ẹni tí kò mọ irú ọ́ìlì tó wọ inú ẹ́ńjìnì ẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá wọ́n pààrọ̀ fílítà tàbí wọ́n kàn nù ún lójú, ọkọ̀ yẹn ò tíì di tiẹ̀. Ó kàn ń wà á ni. Ó yẹ kí gbogbo wa fi ọwọ́ ara wa pààrọ̀ ọ́ìlì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ká lè mọ ohun tí à ń sanwó fún.

3/ Kí ni ọ́ìlì ń ṣe gan-an? Ọ́ìlì ni kì í jẹ́ kí irin ha irin nínú ẹ́ńjìnì. Ó ń gbé ooru kúrò, ó sì ń kó ìdọ̀tí mọ́ra. Ìdí nìyẹn tó fi ń dúdú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dúdú ọ́ìlì nìkan dẹ́rù bà yín; ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Iye kìlómítà tẹ́ ẹ ti rìn àti iye oṣù tó ti lò ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ọkọ̀ ò sì tíì rìn dé ibì kankan. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń tètè lo ọ́ìlì gbó ju ọ̀nà márosẹ̀ lọ.

4/ Ó wá kan fílítà. Pépà tí wọ́n ká pọ̀ ló wà nínú ẹ̀, òun ló ń sẹ́ ọ́ìlì. Tó bá ti dí, ihò kékeré kan á ṣí nínú ẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa dá dúró, ọ́ìlì á wá máa kọjá láìsẹ́. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá da ọ́ìlì tuntun sí ọkọ̀ tí fílítà ẹ̀ ti dí, ẹ dà bí ẹni tó wẹ̀ tán tó tún gbé aṣọ ìdọ̀tí wọ̀.

5/ Mo ti fi ojú ara mi rí i ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀pù kan: wọ́n fi pẹtiróòlù fọ fílítà àtijọ́, wọ́n nu ara ẹ̀ títí tó fi ń dán, wọ́n dá a padà síbi tó wà. Owó fílítà tuntun ni wọ́n gbà. Ẹni tó ni ọkọ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń tẹ fóònù. Ẹ sọ fún mi, ta ló jẹ ahun níbẹ̀?

6/ Ọ́ìlì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ní Nàìjíríà, àwọn kan wà tó ń ṣa gálọ́ọ̀nù òfìfo tó ní orúkọ ńlá lára, wọ́n á rọ kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́ sínú ẹ̀, wọ́n á dé e padà, ó di tuntun lójú ẹni tí kò mọ̀. Tí ẹlòmíì bá ń bá yín ra ọ́ìlì, báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ fi rà á, níbi tẹ́ ẹ lè padà lọ bi wọ́n léèrè. Ẹ wo ìdérí ẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ gé gálọ́ọ̀nù yẹn kẹ́ ẹ tó jù ú nù. Gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ jù nù lódidi ni ayédèrú ọ̀la.

7/ "20W-50 ló dáa fún ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ wo Corolla tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láàárín 2003 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ, tó kún títì wa: 5W-30 ni ìwé ẹ̀ kọ. Ìwé yẹn náà ló máa sọ iye lítà tó ń gbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá da ọ́ìlì tó ju iye tí ìwé kọ lọ sí i ti dà á jù, ọ́ìlì àdàjù náà ò sì dáa fún ẹ́ńjìnì.

8/ "Ó le jù." Kò le. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa á. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà. Ẹ fi sípánà 14 tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì Corolla yẹn, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ro tán. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, ẹ fún un dáadáa, àmọ́ ẹ má fi ti wèrè fún un. Ẹ tú fílítà, ẹ wò ó bóyá rọ́bà rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì; tí rọ́bà méjì bá pàdé, ọ́ìlì á jò. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà tuntun, ẹ fi ọwọ́ yí i títí tó fi kan ìdí, kẹ́ ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Ẹ fi àrọ da ọ́ìlì sí i lókè, ẹ tan ọkọ̀, ẹ yọjú wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ó ń jò, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa gééjì wò. Àárín àmì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà. Ó parí!

9/ Nǹkan kan wà tí mi ò ní bá yín ṣeré lórí ẹ̀. Ẹ Ò GBỌDỌ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yọ̀. Ẹ ra stand. Tẹ́ ẹ ò bá ní stand, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì ṣe é, kẹ́ ẹ dúró tì í, kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú, torí ọ́ìlì àlòkù ò dáa fún awọ ara.

10/ "Mẹkáníìkì náà gbọ́dọ̀ jẹun." Òótọ́ ni, mo sì gbà. Àmọ́ bọ̀dá tó mọṣẹ́, tó lè tú gíásì kó sì tò ó padà, kì í ṣe fílítà àfọ̀lò ló ń bọ́ ọmọ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ló máa mọ iyì bọ̀dá yẹn, tó sì máa sanwó ẹ̀ láìjanpata. Àìmọ̀ wa ló ń bọ́ àwọn gbájúẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin náà, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rẹ́ jẹ torí wọ́n rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.

11/ Àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ ló máa ń dùn mí jù. Èèyàn gba ọkọ̀ lórí àdéhùn, ó ń san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ́ńjìnì wá nọ́ọ̀kù nítorí ọ́ìlì burúkú. Owó àdéhùn ò ní dúró de ẹ́ńjìnì o.

12/ Ìkìlọ̀ rèé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn mi. Ọ́ìlì tẹ́ ẹ tú jáde, ibo lẹ dà á sí? Tó bá jẹ́ gọ́tà, ẹ̀yin àti èmi ò sí níhà kan náà. EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà, sọ pé ọ́ìlì tó jáde lára ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Mélòó nínú wa ló ń pọn omi kànga? Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da ọ́ìlì sí gọ́tà ńkọ́?

13/ Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ gbé e fún ẹni tó ń kó kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì. Mẹkáníìkì àdúgbò yín mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ń fi kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ń fi pa móòdù. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e fún un. Tẹ́ ẹ ò bá lè ṣe èyí, ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì nílé rárá. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe é.

14/ Ẹ̀yin yòókù, kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa gééjì ọ́ìlì jáde, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ tún fà á wò. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tó wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.