Ta Ló Sọ Maciste Di Òyìnbó?

Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú fíìmù ogun àtijọ́. Wọ́n ní eré lásán ni. Èsì wa ni pé eré tó bá gba akọni lọ́wọ́ ẹni kì í ṣe eré lásán mọ́.

Ní ìlú Turin ni ilé-iṣẹ́ Itala Film ti gbé Cabiria jáde ní ọdún 1914. Giovanni Pastrone ló darí rẹ̀. Hannibal, ọ̀gágun Carthage, kó erin gun òkè Alps nínú rẹ̀, bí ó ti ṣe lóòótọ́ ní ọdún 218 ṣáájú ìbí Kristi. Títí dé ibẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n Maciste, ẹrú ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ akọni ibẹ̀, Bartolomeo Pagano, òṣìṣẹ́ èbúté Genoa, ni wọ́n kùn ní dúdú láti ṣe é. Nígbà tí òǹwòran fẹ́ràn rẹ̀ tán, wọ́n fọ dúdú náà kúrò. Nínú Maciste alpino ti ọdún 1916, ọmọ ogun Ítálì tó funfun báláú ni.

Ẹni tó bá ní kékeré nìyẹn, kí ó wo ọdún 1937. Ìjọba Mussolini ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Etiópíà ní 1936 ni. Òun ló wà lẹ́yìn Scipione l'Africano, ìtàn ará Róòmù tó ṣẹ́gun Hannibal, wọ́n sì fún un lẹ́bùn ní Venice. Wọ́n fi eré bo ogun lójú.

Wọ́n lè ní òpìtàn náà ń bù mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Livio, ọmọ Padua, kọ̀wé ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn ogun náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ sí Hannibal lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ará Róòmù; bó ti ń bú u náà ló ń yìn ín.

Àwa náà ńkọ́? Àwọn ènìyàn wa kan fẹ́ kí Hannibal dúdú bíi kóró iṣin. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìran àwọn Fòníṣíà tó ti Tire wá ni. A kò lè máa bínú sí ọ̀dà Turin, ká tún máa po tiwa.

Kí oníṣẹ́ fíìmù fi ìfẹ́, ìjà àti orin dùn ún; ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ó má yí ẹni tó ṣe é padà, kí ó má sì yí ìdí tó fi ṣe é padà. Ère Moloch inú Cabiria wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sinimá nínú Mole Antonelliana ní Turin. Ẹ̀yin òbí tó ń mú ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ sọ ẹni tí Maciste jẹ́ fún wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.