Owó Fóònù ní Ẹnubodè: Níbo ni Òfin ECOWAS Dé?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròhìn yín, kí n bi àwọn aláṣẹ wa ní ìbéèrè kan.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n títí di òní, à ń fẹ́ra wa, à ń bára wa sìnkú, à ń ná ọjà ara wa. Nígbà tí wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, inú wa dùn. Ní 1979, wọ́n tún ní kí á máa wọ orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Ọ̀rọ̀ fóònù wá ńkọ́? Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdìròkò tó pe oníbàárà rẹ̀ ní Ìgòlò, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, owó ìpè ilẹ̀ òkèèrè ni wọn yóò yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò ẹnubodè fi ń gbé fóònù méjì kiri, ọ̀kan fún náírà, ọ̀kan fún sẹ́fà.

Ní oṣù Kejìlá 2017, ECOWAS ṣe òfin pé ẹni tó bá rìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ sanwó ìpè ju ti àwọn onílé lọ. Gánà àti Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn láàrin ara wọn ní 2023. Àwa àti Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ fóònù lásán ni. Rárá o! Iléeṣẹ́ tó gbé ìpè jáde ní láti sanwó fún èyí tó gbà á lódì kejì, àwa ni wọ́n sì ń gba owó náà lọ́wọ́ wa. Ìjọba ló fún àwọn méjèèjì ní ìwé àṣẹ. Bí ìjọba méjèèjì kò bá jókòó sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Ẹ rántí pé nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, ọjà dúró, gbèsè kò dúró. Fóònù la fi ń bẹ ara wa. Ní oṣù Kìíní 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger kó jáde kúrò nínú ECOWAS. Ẹgbẹ́ tí ò bá fẹ́ kí àwọn tó kù tú ká, kó jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí àǹfààní tó lè fọwọ́ bà. Ìpè tí kò wọ́n jẹ́ ọ̀kan.

Kí àwọn aṣòfin wa láti Ògùn àti Ọ̀yọ́ bi mínísítà léèrè, kí wọ́n sì fún wa lésì.



Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ẹnubodè,
Ìdìròkò.