Oró Inú Oko

Nígbà èwe mi, bí a bá ń ro oko, a ó ṣa ẹ̀bọ̀lọ̀ sọ́bẹ̀, a ó já imí-eṣú tí a fi ń wo egbò. Lónìí, oògùn apakoríko ni à ń fín. Ewé tí ń bọ́ni àti èyí tí ń woni sàn ń bá èpò kú.

N kò ní kí àgbẹ̀ má wá ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣèèṣì gbé paraquat mì, díẹ̀ lásán lè ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ dójú ikú. Kò sì ní ẹ̀rọ̀. Ọdún 2007 ni ìlò rẹ̀ ti di èèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Àjọ Yúróòpù, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ń ṣe é ní Huddersfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún títà fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ní ohun tí kò dára kò lórúkọ méjì. Àbí ẹ̀dọ̀fóró tiwọn ló níyì ju tiwa lọ?

NAFDAC fòfin dè é níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin tí àgbẹ̀ kò gbọ́ lédè rẹ̀, bí ẹni tí kò ṣòfin ni. Ẹ jẹ́ kí a kéde rẹ̀ lọ́jà àti lóko: wàrà-wàrà là ń yọ oró iná.