Ta Ló Ń Ṣọ́ Ìràwọ̀ Tó Fẹ́ Bú?

Ní òru kan nínú oṣù kejì ọdún 1946, Leslie Peltier jí, ó yọjú wo ojú ọ̀run, ó sì rí i pé ó mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n òtútù ti ń mú un, ló bá padà lọ sùn. Ọmọ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, àmọ́ ó ti tó ọdún 25 tó ti ń ṣọ́ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ T Coronae Borealis. Òru yẹn gan-an ni ìràwọ̀ náà bú. Òṣìṣẹ́ ojú irin kan ní Soviet wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i.

Wọ́n sábà máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ Peltier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní òru tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ló jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ti kọ́kọ́ wálẹ̀ fún bí ọdún kan kó tó bú.

Ìràwọ̀ méjì ló pín orúkọ T Coronae Borealis. Ọ̀kan jẹ́ òmìrán pupa tó ti darúgbó. Èkejì funfun, kò tó ayé wa yìí ní títóbi, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn lọ. Ọjọ́ 228 ni wọ́n fi ń yí ara wọn po, kékeré yìí sì ń gba háídírójìn lọ́wọ́ òmìrán bí alájọ tí kì í fo ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹrù náà bá pọ̀ jù, iná á sọ. Ó sọ ní 1866, ó tún sọ ní 1946. Ìràwọ̀ tí ojú lásán kò lè rí á wá mọ́lẹ̀ bí ìràwọ̀ àríwá.

Àwọn kan ní kí àwọn aṣọ́ràwọ̀ afìfẹ́ṣe máa sùn, torí kámẹ́rà tó ń dá ṣiṣẹ́ ti ń ya gbogbo ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun bàìbàì ni wọ́n ṣe irú kámẹ́rà ńlá tó wà ní ilé ìwòràwọ̀ Vera Rubin ní Chile fún. Ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tó báyìí á fọ́ ọ lójú. Nígbà tí RS Ophiuchi, irú ìràwọ̀ kan náà, bú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn afìfẹ́ṣe ló ké sí ayé, ará Ireland kan sì wà lára wọn. Ariwo wọn ló mú kí awò H.E.S.S. ní Namibia kọjú sí i. Ìtànṣán gámà tó lágbára jù lọ tí a tíì rí lára irú ìbúgbàù bẹ́ẹ̀ ló bá níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé ojú ènìyàn máa ń ṣì í, pàápàá lórí ìràwọ̀ pupa. Ìdí nìyẹn tí AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn aṣọ́ràwọ̀, fi ń kó iye ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ojú rí jọ láti 1911.

Ní 2023, ìmọ́lẹ̀ T Coronae Borealis tún wálẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ní yóò bú kí 2024 tó parí. 2024 parí, kò bú. Èyí kò sọ ìṣọ́ náà di asán rárá, nítorí àṣìṣe ìṣirò náà gan-an, inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn aṣọ́ràwọ̀ ni wọn yóò ti tún un ṣe. Bí ìwé ìwádìí bá wá dé, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ àpapọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Ó yẹ kí orúkọ ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbé ìwádìí náà dúró wà lókè pẹ̀lú ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.