Mọ́tò wo lẹ máa fi sá lọ́jọ́ tí òkú bá jí? Àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn lórí ẹ̀, wọ́n gbàgbé gírísì

Bí ẹ bá rí àgbà ọkùnrin méjì tí wọ́n jókòó ti bíà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń jiyàn débi pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ara wọn láṣọ, ẹ má tètè rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni tàbí ti òṣèlú. Ó lè jẹ́ pé ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ ò ju pé mọ́tò wo ló yẹ kéèyàn rà sílẹ̀ de ọjọ́ tí àwọn òkú bá jí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu àwọn alààyè jẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Owó gidi làwọn kan ń ná lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ra ọkọ̀, wọ́n á jó irin mọ́ ọn lára, wọ́n á gbé táǹkì epo kejì sí i, wọ́n á wá gbé e síta lọ́jọ́ Sátidé káwọn aládùúgbò lè máa wò ó.

Sọ́ńbì ni wọ́n ń pe irú òkú bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Haiti lọ̀rọ̀ náà ti wọ Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Fẹlá ló jẹ́ kí tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n lọ́dún 1976, nígbà tó fi orúkọ náà pe àwọn sọ́jà tó ń ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá bá ti ní kí wọ́n ṣe láìronú. Kì í sì í ṣe àkúdàáyà o. Àkúdàáyà tàwọn Yorùbá mọ̀, ìlú ibòmíì ló máa ń lọ, tí á fẹ́yàwó, tí á máa ṣòwò ẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní í fura, àfi lọ́jọ́ tí ará ilé ẹ̀ bá ṣèèṣì pàdé ẹ̀ lọ́jà. Sọ́ńbì ò mọ ọjà, kò mọ ìyàwó. Ẹran ara èèyàn ló mọ̀.

Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá bá wọn dá sí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, àjọ CDC tó ń gbógun ti àrùn, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà nílùú Atlanta, gbé ìmọ̀ràn jáde lórí ohun tó yẹ kéèyàn tọ́jú sílé de sọ́ńbì. Dókítà Ali Khan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, ló kọ ọ́. Èèyàn rọ́ lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ẹ̀rọ wọn dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ọgbọ́n ni wọ́n dá. Wọ́n mọ̀ pé báwọn bá ní kí aráàlú lọ tọ́jú omi, oúnjẹ, oògùn àti tọ́ọ̀ṣì nítorí ìjì, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n báwọn bá pè é ní sọ́ńbì, gbogbo ayé á yọjú. Ẹni tó bá sì ti múra de òkú tó jí, ó ti múra de ìjì àti omíyalé náà nìyẹn. Ibi tọ́rọ̀ mọ́tò yìí ti kúrò ní àwàdà gan-an nìyẹn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù keje ọdún 2012, ilé iṣẹ́ Hyundai gbé mọ́tò kan lọ síbi àpéjọ Comic-Con tí wọ́n máa ń ṣe ní San Diego. Elantra ni, mọ́tò kékeré téèyàn lè máa fi lọ síbi iṣẹ́. Robert Kirkman, ọ̀gbẹ́ni tó kọ ìwé aláwòrán The Walking Dead, lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe yà á. Wọ́n fi irin ṣóńṣó sí i níwájú bí eyín ọ̀nì, wọ́n fi irin bo àwọn wíńdò ẹ̀, wọ́n dá ihò sórí ẹ̀ kéèyàn lè yọ síta dojú ìjà kọ òkú. Ó rẹwà lóòótọ́, bó bá jẹ́ pé torí kí wọ́n lè máa yà á ní fọ́tò ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ pe mẹ́káníìkì kan tó mọṣẹ́ kó wá wò ó. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé gbogbo irin yẹn, kí ló gbé e? Sípíríǹgì àti bíréèkì tí wọ́n ṣe fún èèyàn mélòó kan àti báàgì wọn lẹ lọ di irin lé. Táyà á tètè jẹ, bíréèkì á máa gbóná, epo tó yẹ kó gbé yín jìnnà á tán sójú ọ̀nà. Elantra ò sì ga nílẹ̀, òkúta kan ṣoṣo tó bá gbá àpótí ọ́ìlì nísàlẹ̀, ó parí. Ní ti pé kéèyàn máa fi mọ́tò gbá sọ́ńbì sọ nù bíi bọ́ọ̀lù, ẹ bi àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti gbá àgbọ̀nrín lóru rí. Ẹran kan péré ni o, rédíétọ̀ á fọ́, omi á dà, mọ́tò á dúró. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá sì dúró sáàárín òkú tó ń rìn, ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù.

Ẹni tó sọ irú fíìmù yìí di ohun tí gbogbo ayé ń wò gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1968 tí George Romero ṣe Night of the Living Dead, obìnrin tó kọ́kọ́ sá níbẹ̀, Barbra, sá wọnú mọ́tò, ó tilẹ̀kùn, àfi bó ṣe rántí pé ọwọ́ arákùnrin òun tí òkú ti gbá mú ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó kàn tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ ni, mọ́tò bá ń yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ òkè títí tó fi lọ forí sọgi. Ben, tí Duane Jones ṣe, gbé píkọ́ọ̀pù dé, àmọ́ epo ti fẹ́ẹ̀ tán nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé e lọ síbi páǹpù epo tó wà nínú oko ọ̀hún, epo dà sílẹ̀, iná ràn án, ọmọkùnrin kan àti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ sì jóná mọ́nú ọkọ̀. Nínú méjèèjì, kì í ṣe òkú ló ba nǹkan jẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ni, epo ni. Nínú eré tẹlifíṣàn The Walking Dead tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010 ńkọ́? Bàbá àgbà kan ló ń wa Winnebago ayé ọjọ́un, irú ọkọ̀ téèyàn ń sùn sínú ẹ̀, hóòsì rédíétọ̀ ẹ̀ ló sì ń yọ wọ́n lẹ́nu ṣáá. Gbogbo ẹni tó ti wọ dánfó rí ló mọ hóòsì yẹn.

Mọ́tò wo wá ni? Àwọn tó fẹ́ràn agbára á ní ọkọ̀ sọ́jà làwọn fẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù M35 tí sọ́jà Amẹ́ríkà lò gbó wà lọ́wọ́ aráàlú, ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣàṣàyàn, dísù ni o, kẹrosíìnì ni o, á jó o. Ṣùgbọ́n ó ń lọ bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà kẹ́ ẹ tó di ẹrù kankan sí i, eré tó lè sá ò ju nǹkan bí 90 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ, ariwo ẹ̀ nìkan sì tó láti jí àwọn òkú tí ò tíì ní in lọ́kàn láti jí. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé láyè nínú lóòótọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ ṣáà máa gbàdúrà pé kẹ́ ẹ má nílò láti yí i padà lójú ọ̀nà tóóró.

Àwọn mìíràn á ní Toyota. Ẹ̀rí sì wà. Lọ́dún 1987, ní Chad tó bá wa pààlà yìí, Hilux àti Land Cruiser làwọn sọ́jà Chad gùn tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ ogun Libya tó gbé ọkọ̀ ogun onírin wá. Ogun Toyota ni wọ́n ń pè é títí dòní. Kì í ṣe irin tó nípọn ló yọ wọ́n, eré ni, àti pé ọkọ̀ wọn fúyẹ́. Síbẹ̀, láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọn ò ti ta Hilux tuntun ní Amẹ́ríkà mọ́, Tacoma ni Toyota fi rọ́pò ẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá wá lọ wá Hilux wọlé láti òkè òkun torí sọ́ńbì, níbo ló ti máa rí sípíà páàtì lọ́jọ́ tí kò bá sí ọkọ̀ òfuurufú, tí kò sí ọkọ̀ ojú omi? Mọ́tò tó lágbára jù láyé lè jẹ́ ìyọnu gbáà ládùúgbò tí kò ti ní ẹgbẹ́. Níbẹ̀, píkọ́ọ̀pù Ford tó kún gbogbo títì dáa jù ú lọ, torí èyí tó bá ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n á máa tú fún èyí tó ṣì ń rìn. Ṣé ẹ rántí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975? Bó ṣe di ọkọ̀ gbogbo ayé nìyẹn. Mẹ́káníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ọmọ ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì dísù àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú ló tún dáa jù, bó bá ti lè tàn, iná mọ̀nàmọ́ná ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án mọ́. Mọ́tò ìgbàlódé ńkọ́? Wáyà kékeré kan á já, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, mẹ́káníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ á kàn máa wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ni.

Ọ̀rọ̀ epo ló le jù. Bẹntiróòlù kì í ṣe ọtí tó ń dáa sí i bó bá ti ń pẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, tó máa ń fa omi mọ́ra, láàárín oṣù mélòó kan ó ti ń bàjẹ́ nínú táǹkì. Èyí tó wà nílé epo náà, iná ló ń fà á jáde lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí ìjì Sandy jà lọ́dún 2012, epo wà nílẹ̀ ní New Jersey tí ọ̀pọ̀ ilé epo ò rí i fà, torí iná ti lọ. Láti ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ ọ̀hún ti ní kẹ́ni tí nọ́ńbà ọkọ̀ ẹ̀ bá parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 rà lónìí, kí tàwọn tó kù rà lọ́la. Àwọn àgbà Èkó tó rántí nọ́ńbà nọ́ńbà tàwọn ọdún 1970 á mọ bó ṣe rí.

Ọdún 2005 gan-an ni wọ́n dán gbogbo ẹ̀ wò, láìsí sọ́ńbì kankan níbẹ̀. Ìjì Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 1,000 ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni. Nígbà tó wá di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní òmíràn tó ń jẹ́ Rita ń bọ̀ ní Texas. Nílùú Houston, níbi tọ́mọ Yorùbá pọ̀ sí dáadáa, àti lágbègbè ẹ̀, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀hún gùn tó nǹkan bí 100 máìlì láwọn ibì kan. Jíìpù olówó ńlá àti mọ́tò kékeré, ojú kan náà ni wọ́n wà. Oòrùn mú ganrínganrín, àwọn èèyàn pa ẹ̀rọ amúlétutù mọ́tò kí epo má bàa tán, epo tún tán síbẹ̀. Ooru pa àwọn kan jókòó sínú mọ́tò wọn. Nígbà tíjọba máa fi ṣí apá kejì ọ̀nà kí gbogbo wọn lè kọjú síbì kan náà, ó ti pẹ́ jù.

Bọ́ọ̀sì ńlá kan gbé àwọn arúgbó láti ilé ìtọ́jú kan ní Bellaire, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ó kọrí sí Dallas. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè dá rìn, àwọn kan ń fa atẹ́gùn ọ́síjìn látinú àgbá. Wọ́n ti lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà. Lówùúrọ̀ kùtù ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án, nítòsí Wilmer, ẹni tó ń wakọ̀ kọjá ló rí i pé ìdí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti pọ́n yòò bí irin inú ẹwìrì, ló bá pe dírẹ́bà. Kí wọ́n tó rí àwọn èèyàn gbé jáde tán, iná ti wọlé, àgbá ọ́síjìn ti ń bú gbàù. Arúgbó mẹ́tàlélógún ló kú.

Lọ́dún 2007 làwọn aṣèwádìí ìjọba àpapọ̀ gbé èsì jáde. Wọ́n ní gírísì inú bẹ́rìǹ ìdí táyà yẹn ò tó, òun ló gbóná títí tó fi gbiná. Bọ́ọ̀sì tó ga, tó gbòòrò, tó lágbára láti gbé wọn dé ibikíbi ni o. Gírísì!

Ìjì Rita fúnra ẹ̀ yà bàrá sápá ìlà oòrùn. Ààlà Texas àti Louisiana ló balẹ̀ sí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan Houston.